Àwa Tí A Kì Í Da Nǹkan Nù

Àkọ́bí mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kí ẹni tó ń gbé lókè yín tí o ní ó máa ń wọ bàtà onígi rìn káàkiri nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí Ọlọ́run fi bàtà mìíràn ta á lọ́rẹ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Kí ilé tí ẹ bá jáde kúrò nínú rẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ ilé tí ẹ óò padà bá pẹ̀lú ẹ̀rín nírọ̀lẹ́, kí ojú ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ tutù sí ọ, kí ojú tìrẹ náà sì tutù sí i. Ara èmi le. Mo ṣì ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè ọ́ láti ibí pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, oníbàárà kan tó jẹ mí lówó ṣòkòtò ni, má dá a lóhùn.

Wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí mo ní fóònù tí ìwọ fúnra rẹ rà fún mi. Fóònù náà wà, mi ò sọ ọ́ nù, ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í sọ nǹkan nù. Ara rẹ̀ ni kò yá. Màá sọ bó ṣe jẹ́ tí mo bá débẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Màmá rẹ kò sí nílé. Má fò dìde, jókòó kí o kà á tán. Kò kú, kò dùbúlẹ̀ àìsàn, a ò sì jà. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló lọ, ní òpópónà kejì sí wa, mo sì máa ń rí i tó ń sá aṣọ tí mo bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń lọ sórí ibùsùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín àwọn àpò mi bí àwa méjèèjì ṣe máa ń ṣe, ni àpò tó wà lókè pátápátá bá já, ó bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Àgékù aṣọ lásán ló wà nínú àpò náà, àmọ́ àgékù aṣọ tí wọ́n ti kì mọ́ra láti ọdún gbọọrọ máa ń wúwo bíi sìmẹ́ǹtì. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo ní kó pẹ̀lẹ́, mo sì yẹ àpò náà wò bóyá ó ya. Ó jọ pé yíyẹ̀ tí mo yẹ àpò wò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ó ní òun kò ní máa tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ àpò mọ́ kí òun tó dé orí ibùsùn òun. Ó ní ọjọ́ tí òun bá lè rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibùsùn tí ojú òun kọ síwájú, tí apá òun méjèèjì sì ń fì bí apá ẹni tó wà ní títì, ọjọ́ náà ni òun máa padà, bí ọjọ́ náà kò bá sì dé, kí èmi àti àwọn àpò máa gbé. Kò pariwo. Ìwọ náà mọ màmá rẹ, tó bá pariwo, ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa tán kí oúnjẹ tó jinná, àmọ́ tí kò bá pariwo, ó ti parí ìrònú rẹ̀ nìyẹn. Ó kó ìwọ̀nba aṣọ sínú báàgì kan, ó tiro jáde. Bó ṣe ń lọ ni mo pinnu pé màmá rẹ máa padà sínú ilé yìí, mi ò sì tíì yí ìpinnu náà padà.

Ìwọ mọ ilé náà, àmọ́ ó ti pẹ́ tí o ti wọ inú yàrá, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ó má bàa jọ pé màmá rẹ ń ṣàsọdùn. Àgékù gbogbo aṣọ tí mo ti rán látìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú àwọn àpò, ti ìyàwó, ti sójà, ti ọmọ ilé-ìwé. Aṣọ tí àwọn oníbàárà kò wá gbà wà lórí irin, mo sì mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú wọn ti kú, ṣùgbọ́n kí ni màá wí tí ọmọ wọn bá wá béèrè? Máṣíìnì tí kò yí mọ́ wà níbẹ̀ torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. Agolo bọ́tìnnì wà. Gbogbo páálí tí o fi ń kó ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí wa náà wà, tòun ti okùn wọn, torí ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ wa sí wọn lára.

Nígbà tí màmá rẹ gbé ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní òun fẹ́ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọmọdé ni, ó tín-ín-rín, síbẹ̀ orí rẹ̀ nìkan ló wọ yàrá wa, ara rẹ̀ kò rí ọ̀nà tẹ̀ lé e. Ó fara balẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kì í ṣe ìwà ọ̀bùn, kì í sì í ṣe ahun, ó ní àìsàn kan wà tó máa ń mú kí ọwọ́ ẹni kọ̀ láti fi nǹkan sílẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ló sì ní i tí wọn ò mọ̀. Mo ní kó fi nǹkan tí wọ́n fi ń wọn ibà sí mi lábẹ́ ahọ́n. Ó fi sí i, kò rí nǹkan kan, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní kì í hàn níbẹ̀. Ó wá sọ pé àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n rí bíi tèmi, wọ́n máa ń jókòó pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìtọ́jú, wọ́n á bá ara wọn sọ ọ́, wọ́n á sì ran ara wọn lọ́wọ́ láti wò ó sàn.

Inú mi dùn gan-an. Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni, àṣé a ti pọ̀ tó ẹgbẹ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wọ aṣọ tí mo rán fún ìgbéyàwó rẹ, mo fi ìpara ra ojú, mo sì kó díẹ̀ nínú ohun tí mo ti tọ́jú sínú báàgì, àgékù tó dára jù, agolo bọ́tìnnì kan, sísọ́ọ̀sì tó ti kújú. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde gbọ́dọ̀ yan alága, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kí wọ́n tó dìbò.

Yàrá náà ṣófo. Àga rọ́bà tí wọ́n tò yí ara wọn ká, tábìlì kékeré kan, ike omi, fèrèsé tí kò ní kọ́tìnì, kò tún sí nǹkan mìíràn, ohùn ẹni ń lù mọ́ ògiri ó sì ń padà bọ̀. Àánú nọ́ọ̀sì ṣe mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé kọ́tìnì, tìmùtìmù àti agolo mélòó kan lọ fún un kí ojú ibẹ̀ lè fani mọ́ra díẹ̀. Ó dúpẹ́ títí, ó sì rí i dájú pé mo gbé gbogbo rẹ̀ padà sílé.

Ẹni mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Dírẹ́bà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, ara mọ́tò ló kún àgbàlá rẹ̀ débi pé adìyẹ ń yé ẹyin sínú ẹ́ńjìnnì. Tíṣà kan wà tó ń tọ́jú ìwé ìròyìn, kò tíì kà wọ́n, ó ní òun máa kà wọ́n tí àyè bá yọ. Obìnrin kan sì wà tó máa ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tẹ́lẹ̀, ìdérí ìkòkò ló kún ilé rẹ̀ dé àjà, àwọn ìkòkò tó ni wọ́n ti jo tipẹ́. Ìyá Ìdérí là ń pè é, kì í sì í bínú. Mo sọ tèmi fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi àgékù aṣọ ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Dírẹ́bà kàn béèrè bí mo ṣe ń lé eku nínú tèmi, mo sọ fún un, ó dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní kí a ronú kan ohun kan tó wà nílé, kí a rò ó pé wọ́n ti gbé e lọ, kí a wá fi nọ́ńbà sọ bí àyà wa ṣe ń já tó, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. O mọ̀ pé mi ò pẹ́ nílé-ìwé, àmọ́ mo mọ̀ pé mẹ́wàá nínú mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré. Dírẹ́bà mú mẹ́fà. Tíṣà mú márùn-ún, ó yà mí lẹ́nu pé tíṣà ni. Èmi mú mẹ́wàá láìronú rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo tún mú mẹ́wàá, mo sì ránṣẹ́ sí màmá rẹ pé èmi ni mò ń gba ipò kìíní. Ó ránṣẹ́ padà pé òun ti gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyá Ìdérí tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Bàbá Télọ̀, nọ́ńbà yẹn o, ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yege. Ó dùn mí. Mo ní ó yẹ kí wọ́n máa tètè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àlejò.

Mi ò jókòó lásán ṣá. Mo rò ó pé ilé ìfowópamọ́ ni ilé àwọn tó ń fi ìtọ́jú nǹkan ṣiṣẹ́ jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní aláìsàn. Mo di àpò àgékù díẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, mo ní kó bá mi gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mi, pé mi ò fẹ́ èlé lórí wọn, kí n ṣáà bá iye tí mo gbé wá. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà fún mi lága, ó sì ṣàlàyé pé owó mi gan-an kò dúró síbẹ̀, wọ́n ti fi yá àwọn ẹlòmíràn, pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó àwọn àpò mi padà sórí kẹ̀kẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ yá ẹnikẹ́ni ní àgékù aṣọ mi.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà rèé. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa ya fọ́tò ohun tó bá ṣòro fún wa láti fi sílẹ̀, kí ojú ṣì máa rí i kí ilé sì gbà wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àgékù lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, torí gbogbo aṣọ ló ní ojú tó sì ní ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí fóònù kọ ọ̀rọ̀ síta pé ààyè ti tán nínú òun, pé kí n yọ nǹkan kúrò. Ó ṣe mí láàánú, àìsàn wa ti ràn án. Mo gbé e dání lọ sí ìjókòó Ọjọ́bọ̀, mo fún un ní àga tirẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí àwọn tó rí bíi tirẹ̀ ń sọ. Tíṣà bi í pé orí nọ́ńbà wo ni àyà tirẹ̀ wà, gbogbo wa sì dákẹ́ dè é. Nọ́ọ̀sì kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ nìyí, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tiwa kún ẹrù tó wà nínú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Wàyí o, nọ́ọ̀sì ní kí olúkúlùkù máa mú ohun kan wá láti ilé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tó bá rò pé òun lè yọ̀ǹda, kó fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí dúdú tó wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú, kí mọ́tò akódọ̀tí lè gbé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A ṣe é. Mo gbé àpò kékeré kan lọ, Dírẹ́bà gbé sítiárìn, Tíṣà di ìwé ìròyìn, Ìyá Ìdérí kó ìdérí mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún wa, ó kí wa kú iṣẹ́, ó wọlé lọ. Bó ṣe wọlé ni ẹsẹ̀ gbogbo wa kọ̀ láti kúrò níbẹ̀. Dírẹ́bà wo àpò mi, ó ní aṣọ yìí máa dára láti nu ẹ́ńjìnnì. Mo wo sítiárìn rẹ̀, mo ní irin gidi nìyí. Ìyá Ìdérí ní bébà kì í pọ̀ jù nílé. Tíṣà ní òun lè fi ìdérí tẹ ìwé ìròyìn òun mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olúkúlùkù ti gbé ẹrù ẹnìkejì rẹ̀ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mú tirẹ̀ padà, nítorí náà a gbà pé a ò rú òfin kankan.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì ń yìn wá, inú wa sì ń dùn. Àbúrò màmá rẹ ń rí mi tí mò ń gbé àpò jáde nílé, kò rí ohun tí mò ń gbé wọlé lálẹ́, ó sọ fún màmá rẹ pé ọkọ rẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́. Màmá rẹ wọ aṣọ tó dára, ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó dé lọ́sàn-án tí mi ò retí rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Òótọ́ ni pé àpò ti dín, àmọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò kan ló fi ara ti ibùsùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orí rẹ̀ máa ń wà. Ó béèrè pé ta ló ni ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo ní Dírẹ́bà ni. Ó béèrè pé mọ́tò ọ̀hún ńkọ́. Mo ní kò sí mọ́tò nínú ohun tí a jọ sọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká padà, ó ní òun rò pé mò ń gbìyànjú ni. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà sí òpópónà kejì.

Mi ò dúró kí Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ni mo dìde, mo ní ìyàwó mi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà, pé nítorí ilẹ̀kùn mọ́tò ni, ẹ̀yin ará, mi ò sì ní fi ìyàwó mi gba ilẹ̀kùn mọ́tò. Dírẹ́bà ń wo bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ilẹ̀kùn mọ́tò wo, Tíṣà bá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Mo rò pé ó máa bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ta ló wá lè ṣọ́ wa báyìí. Mo ní àwa fúnra wa ni. Mo ní nọ́ọ̀sì ò mọ ibi tí a máa ń fi nǹkan pamọ́ sí, ọlọ́pàá pàápàá ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwa mọ̀ ọ́n, torí ibì kan náà ni gbogbo wa ń lò. Mo ní kí a máa lọ sílé ara wa. Ẹni tó nilé ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò akódọ̀tí, kí àwọn yòókù dúró tì í, kí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ara wọn. Inú nọ́ọ̀sì dùn sí i. Mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi.

Ọjọ́ tí mọ́tò máa wá, wọ́n ti dé kí n tó jẹun. Wọ́n tò láti yàrá dé etí títì, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ gbé ilẹ̀kùn mọ́tò, Dírẹ́bà yíjú sí ògiri kó má bàa rí i. Lẹ́yìn náà mo gbé àpò kan, mo gbé òmíràn. Tí mo bá ní ó ti tán, Dírẹ́bà á ní kí n wo ẹ̀yìn àpótí, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Á ní kí n tú inú ìrọ̀rí, ó wà níbẹ̀. Ìyá Ìdérí ní kí n bọ́ fìlà mi. Mo bínú, mo ní àgbàlagbà ni mí, ó ní òun mọ̀, kí n ṣáà bọ́ ọ, mo bọ́ ọ, àgékù méjì bọ́ sílẹ̀. Tíṣà náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀kan, Ìyá Ìdérí wúkọ́, ó sì nàró padà.

Aṣọ kan ló dá mi dúró. Kóòtù kan ni, ọkùnrin tó ni ín kú kó tó wá gbà á, mo sì ti fi ọwọ́ mi rán gbogbo ihò bọ́tìnnì rẹ̀ torí pé kò fẹ́ ti máṣíìnì. Mo gbé e dé etí títì, ọwọ́ mi kọ̀. Nọ́ọ̀sì bi mí ní nọ́ńbà. Mo ní mẹ́wàá, kì í sì í ṣe pé mò ń yangàn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n má sá, kí n má sì jù ú, kí n kàn dúró kí n máa mí. Wọ́n ní kí n sọ nípa ọkùnrin náà, mo sọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, mo sọ bó ṣe wá wò ó lára lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ akódọ̀tí ń fọn fèrè, Dírẹ́bà lọ bá a, kí dírẹ́bà lọ bá dírẹ́bà sọ ọ́. Mo di mẹ́sàn-án, mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo di méje. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò fi pa mọ́ fún ọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó gba kóòtù náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá ọwọ́ mi là, mo gbé e sínú mọ́tò, mo sì padà wọlé lọ gbé òmíràn.

Mi ò ránṣẹ́ pe màmá rẹ. Mo ní kí ojú rẹ̀ fi hàn án. Lọ́jọ́ kejì lọ́sàn-án, ó dé láìgbé báàgì dání, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bíi tìjọ́sí. Ó rìn lọ sídìí ibùsùn, ojú rẹ̀ kọ síwájú, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí apá rẹ̀ méjèèjì máa fì. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tún rìn ín. Ó ní òun ti gbàgbé pé sìmẹ́ǹtì pupa ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ yàrá náà. Ó wá jókòó, ó ní kí n lọ bá òun gbé báàgì òun wá láti ilé àbúrò òun, mi ò tíì gbé ẹrù tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àdéhùn kan ló gbé síwájú mi, pé ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Mo gbà.

Má rò pé mo ti sàn tán. Nọ́ọ̀sì ní ọwọ́ ṣì máa yún mi, ó sì ń yún mi lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣa bọ́tìnnì kan nílẹ̀ títì, mo mú un rìn jìnnà díẹ̀ kí n tó dá a padà síbi tí mo ti rí i. Ilé Dírẹ́bà la máa lọ báyìí, lẹ́yìn ìyẹn ilé Ìyá Ìdérí. Pálọ̀ wa ṣì kù, yàrá tí ìwọ ń sùn nígbà tí o wà lọ́mọdé náà ṣì kù, ibẹ̀ ló kún jù. Mo máa ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí pé kí n sinmi.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Jọ̀wọ́, má fi páálí ránṣẹ́ sí wa mọ́, bó ti wù kí ohun tó wà nínú rẹ̀ dára tó. Owó ni kí o máa fi ránṣẹ́, torí owó kì í gba àyè, kì í sì í wó lu èèyàn. Mo nílò rẹ̀ láti fún àwọn akódọ̀tí kí wọ́n lè wá lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fẹ́ ra ọ̀dà tí màá fi kun yàrá rẹ. Bí fóònù mi bá ní kò sí ààyè fún owó náà, má bá a jà, fi ránṣẹ́ sórí ti màmá rẹ. Bí o bá tún lè fi owó bàtà kún un, mi ò ní kọ̀, àmọ́ ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa kò tó. Kí ohun tó jẹ́ tìrẹ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí èyí tó yẹ kó lọ má sì le mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí ilé rẹ gbà ọ́, kó sì gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Nígbàkígbà tí o bá wá kí wa, ẹnu ọ̀nà lo máa ń dúró sí, wàá ní ọ̀nà jìn, wàá ní mọ́tò ń dúró dè ọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ mi ń kánjú torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ga. Mo sọ ọ́ fún màmá rẹ lánàá, ó ní o ò kánjú rárá, pé kò sí ibi tí wàá jókòó sí ni, o ò sì fẹ́ dójú tì mí. Mo bínú, mo jáde síta. Nígbà tí mo wọlé padà, mo kó gbogbo ohun tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní pálọ̀ kúrò, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí o máa ń dúró sí, mo wò ó. Òótọ́ ni màmá rẹ sọ. Má dá mi lóhùn lórí rẹ̀ nínú lẹ́tà, má sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àga náà ti ṣófo. Mò ń nù ún láràárọ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan lé e, títí kan èmi náà. Ṣáà wá jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.